Ìwà La Fi Ń Náwó

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ Ifá, níwájú àwọn awo, àwọn olórìṣà àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́

     Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Bí n bá ṣi ibì kan sọ, kí àwọn àgbà bá mi tún un ṣe. 

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwà ọmọlúàbí àti bí a ti ń náwó lójoojúmọ́. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé a gbé ọ̀rọ̀ owó wá sí ìpàdé ọ̀sẹ̀ Ifá. Wọ́n lè rò pé ojúbọ ni ìwà ti ń hàn, pé ọ̀rọ̀ ọjà yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wò ó papọ̀. Ọjọ́ mélòó nínú oṣù ni a ń kúnlẹ̀ níwájú òrìṣà? Ọjọ́ mélòó ni a ń yọ owó sílẹ̀? Kò sí ọjọ́ tí ilẹ̀ mọ́ tí a kì í náwó. Nítorí náà, bí ìwà bá jẹ́ ẹ̀sìn wa lóòótọ́, ibi tí a ti ń náwó ni ibi tí a ti ń lo ẹ̀sìn náà jù.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Owó tí a ná láìní ìwà nínú a máa sọ ọmọlúàbí di ẹrú. Owó tí a fi ìwà ná a máa sọ ẹrú di ọmọ. Ẹ ó rí i níwájú pé n kò fi èyí ṣe àsọdùn.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Ìwà, aya Ọ̀rúnmìlà. Nígbà tí ọkọ kò lè fara dà á mọ́, Ìwà bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ó jáde nílé tí àpọ́nlé Ọ̀rúnmìlà fi tán láwùjọ, tí àwọn tí ń wá dífá lọ́dọ̀ rẹ̀ kò yà síbẹ̀ mọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì gbẹ. Ó wá di ẹni tí ó gbé agọ̀ wọ̀, tí ń ti ojúlé dé ojúlé wá aya. Bí a bá ń sọ ìtàn yìí, sùúrù nínú ilé ọkọ àti aya ni a sábà máa ń fi kọ́ ara wa. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i bí ohun gbogbo ti tò tẹ̀ lé ara wọn. Owó kọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Ìwà ló kọ́kọ́ jáde, owó sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ń sáré wá owó nígbà tí ìwà ti fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ṣe iwájú.

Mo fẹ́ mú ìwà mẹ́rin, kí n sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí ọjà.

Sùúrù

Àwọn baba wa ná owó ẹyọ pẹ́ kí owó òyìnbó tó dé. Ẹ jẹ́ kí a rántí bí wọ́n ti ń kà á. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ṣà á. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá, ìyẹn 20,000, ni wọ́n ń pè ní ọ̀kẹ́ kan, ẹrù gidi ni. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 ni a ti ń ná náírà ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ọ̀kẹ́ ni èdè wa ṣì fi ń ka 20,000 títí di òní.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ná ọ̀kẹ́ kan láyé ọjọ́un yóò wá ẹni tí yóò bá a rù ú. Òun yóò kà á, ẹni tí ń tajà yóò tún un kà. Bí wọ́n ti ń kà á, ojú olówó ń rí i bí òkìtì rẹ̀ ti ń fà, àyà rẹ̀ sì ń bi í léèrè pé, ṣé ohun tí mo fẹ́ rà yìí tó bẹ́ẹ̀? Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àyè ṣì wà láti dá owó padà sápò.

Lónìí, àtàǹpàkò la fi ń náwó. A tẹ nọ́ńbà mẹ́rin, owó ti lọ. Ojú kò rí i, ọwọ́ kò mọ ìwúwo rẹ̀. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kò ṣẹ̀, ohun èlò ni. Ṣùgbọ́n ohun tí owó ẹyọ fi ìwúwo rẹ̀ kọ́ àwọn baba wa, àwa ní láti fi ìwà kọ́ ara wa.

Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá tí a gbà lọ́wọ́ àwọn àgbà, Olódùmarè rán Ọbàtálá kí ó wá dá ilẹ̀ ayé. Ó rí ẹmu lọ́nà, ó mu ún, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún Ọbàtálá. N kò sọ èyí láti fi bu òrìṣà ńlá kù. Ọgbọ́n tí ó wà nínú èèwọ̀ náà ni mo fẹ́ kí a rí. Ó mọ ohun tí ń dá a dúró lọ́nà, ó sì pààlà sí i fúnra rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò ní ẹmu tirẹ̀? Ti ẹlòmíràn ni aṣọ. Ti ẹlòmíràn ni fóònù tuntun. Ti àwọn ọmọkùnrin wa kan, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni, tí wọ́n ń ta ní igba náírà, ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, títí owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yóò fi wọ inú rẹ̀ tán. Iṣẹ́ tí wọ́n bá wa rán sáyé ń dúró dè wá, àwa sì ń sùn lẹ́bàá ọ̀nà.

Ìmọ̀ràn tí mo ń fún àwọn ọ̀dọ́ nìyí. Ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ wa jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Bí ohun kan kì í bá ṣe oúnjẹ, oògùn, owó ilé ìwé tàbí ọ̀ràn pàjáwìrì, má rà á lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ rí i. Jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ Ifá, bi ara rẹ léèrè pé, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ní ọjọ́ Ògún, bi í pé, iṣẹ́ wo ni yóò bá mi ṣe? Ní ọjọ́ Jàkúta, nítorí pé Ṣàngó kò fẹ́ irọ́, bi í pé, ṣé owó mi ni, àbí owó ẹlòmíràn tó wà lọ́wọ́ mi? Ní ọjọ́ Ọbàtálá, bi í pé, bí mo bá rà á, ṣé ọkàn mi yóò funfun? Èmi ni mo to ìbéèrè wọ̀nyí báyìí, n kò sọ pé odù kankan ló pa á láṣẹ. Ẹni tí ó bá dán an wò yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí ó ń pè ní dandan kì í pé ọjọ́ mẹ́rin kí ìfẹ́ rẹ̀ tó kú.

Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣe-bí-o-ti-mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Àwọn òwe wọ̀nyí kò sọ pé kí a má ní ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ pé kí ẹlẹ́wà má ta ẹ̀wà. Wọ́n ní kí olúkúlùkù mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ní Èkó, bí wọ́n bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó ń gba àjọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníbàárà láìkọ ọ̀kan sílẹ̀, kì í sì í ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Wọ́n tún ní ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Àwọn ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀, bí ẹni pé ọlọ́gbọ́n náà ṣe wèrè níbì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa ti ìsọ̀ dé ìsọ̀, nínú ọ̀nà tóóró tí mọ́tò kò lè gbà, kí ni yóò fi mọ́tò ṣe? Mọ́tò fún un ní iyì lójú títì. Kẹ̀kẹ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ó fi iyì sílẹ̀, ó mú èyí tí ó wúlò. Ẹni tí ó bá lè ta mọ́tò rẹ̀ lójú ayé kí ó sì gun kẹ̀kẹ́ láìtijú, ọba ni lórí owó rẹ̀.

Ibi tí èyí ti kan àwa gan-an ni aṣọ ẹbí. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tí ó wà fún: aṣọ tí ẹbí jọ wọ̀ kí ojú lè mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ tó ń ṣe ìnáwó á gbé aṣọ wá, a kò ní í lè kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin kan fẹ́ kó aṣọ, gèlè, owó télọ̀ àti bàtà jọ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ N50,000. Kò ní in lọ́wọ́, ó lọ yá a ní èlé N5,000 lóṣù. Bí kò bá rí owó náà dá padà títí oṣù mẹ́fà, yóò ti san N30,000 èlé, N50,000 sì ṣì wà nílẹ̀. Ó di N80,000 fún aṣọ tí ó wọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ká ní obìnrin kan náà ti ń dá N500 lójúmọ́ fún alájọ kí ọ̀rọ̀ aṣọ tó délẹ̀ ńkọ́? Ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ N15,000. Alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan, N500, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ó ku N14,500. Ní oṣù mẹ́rin, N58,000 ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá wù ú, yóò ra aṣọ náà, N8,000 yóò sì ṣẹ́kù. Bí kò bá sì wù ú mọ́, owó rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Obìnrin kan náà ni, aṣọ kan náà ni. Ìwà ni ó yàtọ̀.

Òwe wa sọ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ní ibi ìnáwó, gbogbo wa ló tàn bí òṣùpá, a kò mọ ẹni tí gbèsè ń jẹ lábẹ́ agbádá.

Òtítọ́

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n, àwọn ọ̀dọ́ kan ti gbọ́ ọ: láyé ọjọ́un, ènìyàn lè pàtẹ iṣu tàbí ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà, kí ó to òkúta wẹẹrẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi sọ iye owó rẹ̀, kí ó sì gba oko lọ. Ẹni tí ń kọjá yóò mú ohun tí ó fẹ́, yóò sì fi owó rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Òtítọ́ ni ó ń bá olóko tajà. Ẹni tí ó rà nílẹ̀ yìí mọ̀ pé bí òun kò bá ní owó lọ́wọ́, òun kò gbọdọ̀ mú ohun olóhun. Mímú ohun tí a kò tíì ní owó rẹ̀ kò rọrùn fún ẹni tí ó bẹ̀rù ojú ilẹ̀.

Àwọn baba wa mọ gbèsè, wọ́n sì mọ oró rẹ̀. Samuel Johnson ṣàpèjúwe ìwọ̀fà àti ológò nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ẹni tí ó bá yá owó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ó ṣì ní àkókò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún olówó kò dín ẹyọ owó kan kù nínú gbèsè náà. Èlé ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sin olówó fún ogún ọdún, odindi owó tí a yá yóò wà nílẹ̀ bí ó ti wà lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ẹ rántí obìnrin tí ó san N30,000 tí N50,000 rẹ̀ kò yẹ̀. Kí ni ó yà á sọ́tọ̀ sí ìwọ̀fà? Oko nìkan ni kò lọ.

Ológò ní tirẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń rán sí onígbèsè tí kò fẹ́ san. Yóò wọ inú ilé, yóò dùbúlẹ̀ síbẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa bú wọn, yóò máa mú adìyẹ ilé pa jẹ, títí ojú yóò fi ti gbogbo agbo ilé tí wọn yóò sì wá owó san. A lè rò pé ológò ti kú. Kò kú, inú fóònù ló ṣí lọ. Ẹni tí ó bá yá owó lórí ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn, tí ọjọ́ sì kọjá, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀, sí gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù rẹ̀, wọ́n á pè é ní olè. Ẹ̀sùn náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń gbèjà àwọn oníbàárà, fi gbé ìlànà jáde ní ọdún 2022 pé kí àwọn ayánilówó orí ẹ̀rọ wá forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú ìdójútini. Òfin dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá wa ní ìwà. Kí a má ṣílẹ̀kùn fún ológò ló sàn jù.

N kò sọ pé gbogbo gbèsè ni ó burú. Ẹni tí ó yá owó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ẹ̀rọ náà sì ń san owó ara rẹ̀ padà, kò ṣe ohun ìtìjú. Gbèsè àìsàn kò ṣeé bá ènìyàn wí. Èyí tí mo ń sọ ni gbèsè tí a jẹ nítorí ojú ayé, tí a sì fi irọ́ bò mọ́lẹ̀.

Ohun tí àwọn baba wa fi dojú kọ gbèsè ni èsúsú. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí nílẹ̀ wa, kọ odindi àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀ ní ọdún 1952. Ẹ mọ bí ó ti ń rí. Ènìyàn mẹ́wàá dá iye kan náà, ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi yí gbogbo wọn po. Kò sí èlé níbẹ̀. Ohun ìdógò tí ó wà níbẹ̀ kò ju ìwà lọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o gbọ́dọ̀ jẹ́ olóòótọ́, kí ó lè máa dá a lọ lẹ́yìn tí ó ti gba tirẹ̀. Ẹni tí yóò kó o kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Olórí èsúsú kì í gba ẹni tí kò mọ ìwà rẹ̀. Bí òtítọ́ bá tán nínú rẹ̀, èsúsú tú ká.

Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú kọjá òkun, wọn kò jẹ́ kí wọ́n mú owó ẹyọ dání. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé èsúsú lọ sínú orí wọn. Títí di òní, ní Trinidad, wọ́n ń pè é ní susu. Ní Bahamas, wọ́n ń pè é ní asue. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn ènìyàn wa ní Nàgó, àwọn ará Áfíríkà, ẹrú àti ẹni tí ó ti gba òmìnira, ń dá owó jọ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní junta láti fi ra ara wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Manuel Querino, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ní Bahia, tí ó kú ní ọdún 1923, wà lára àwọn tí wọ́n ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbẹ̀. Ẹrú tí ń ta nǹkan lójú pópó, tí olówó rẹ̀ ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú èrè, ń mú ìwọ̀nba tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ wá sí àpótí ẹgbẹ́. Ebi ń pa á, aṣọ ń wù ú, ó sì ń dá owó náà. Kì í ṣe òun nìkan ló ń dá a fún. Nígbà mìíràn, ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ gba òmìnira. Àwọn baba àti ìyá wa wọ̀nyí fi owó kékeré ra ọrùn wọn kúrò nínú ẹ̀wọ̀n. Àwa tí a bí lómìnira ń yá owó ńlá, a ń fi ọrùn wa sínú rẹ̀ nítorí gèlè. Ìdí nìyí tí mo fi sọ níbẹ̀rẹ̀ pé owó tí a fi ìwà ná a máa sọ ẹrú di ọmọ.

Ìlawọ́

Ẹnì kan lè sọ pé, ṣé kí a wá di ahun ni? Rárá o. Ahun kò ní ìwà, àpà kò ní ìwà. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tí ó ń nìkan jẹ, tí kò mọ ẹbí, tí kò mọ àlejò, kò lè sọ pé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni òun ń ṣe.

Ẹbọ ni ó kọ́ wa bí a ti ń fúnni. Bí a bá rúbọ, ìpín Èṣù kì í ṣe èyí tí ó bá ṣẹ́kù. A mọ̀ ọ́n sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àwo. Ìyókù, a jọ jẹ ẹ́, aládùúgbò jẹ nínú rẹ̀, ọmọdé jẹ nínú rẹ̀. Bí a bá mú ìlànà yìí lọ sí owó oṣù, ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀ ni èyí tí a ń fi pamọ́ àti èyí tí a ń fún àwọn òbí àti aláìní. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ná tán kí ó tó wo ohun tí ó kù. Ohun tí a kò kọ́kọ́ yọ kì í ṣẹ́kù.

Ẹ tún wo ohun tí àwọn òrìṣà ń gbà lọ́wọ́ wa. Omi tútù. Obì. Orógbó. Ìgbín. Àwọn tí wọ́n ni ayé kò kọ omi tútù. Bí babaláwo bá sì ka ẹbọ sílẹ̀ tí agbára kò ká a, ìbò wà lọ́wọ́ wa láti fi bi Ifá bóyá yóò gba èyí tí a ní. Awo tí ó ń sọ fún opó pé bí kò bá mú ọgọ́rùn-ún méjì ẹgbẹ̀rún náírà wá, ibi yóò dé bá a, kì í ṣe Ifá ló ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí a má bo irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí pé ó ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ bíi tiwa.

Ilé là ń wò

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Gẹ́gẹ́ bí akápò tí ẹgbẹ́ fi ìwé owó lé lọ́wọ́, mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún Ifá tí a ṣe kẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ kan kò wá. Nígbà tí mo béèrè, kì í ṣe pé ẹ̀sìn ti sú wọn. Wọn kò rí owó aṣọ san ni, ojú sì ń tì wọ́n láti wọ tèṣí sáàárín wa. Àwọn tí a ń wá kiri láti dá padà sí ìṣẹ̀ṣe, àwa fúnra wa ti fi ankara tì wọ́n síta. Àwọn mìíràn ti ń sún ìtẹ̀fá síwájú lọ́dọọdún, kì í ṣe nítorí ohun ẹbọ, bí kò ṣe nítorí ẹran màlúù, kánópì àti olórin tí wọ́n rò pé a ó máa retí.

Nítorí náà, mo gbé ohun mẹ́ta síwájú àwọn àgbà kí wọ́n bá wa jíròrò rẹ̀.

Èkíní, kí aṣọ ọdún wa di aṣọ funfun, àlà lásán, èyí tí olúkúlùkù bá ní nílé. Kí ẹgbẹ́ má ta aṣọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù, kí ó wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá fọ tèṣí kí ó mọ́, òun náà ti múra.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ kọ iye owó ohun tí ìtẹ̀fá nílò sílẹ̀ lójúkojú, ohun ẹbọ lọ́tọ̀, àsè lọ́tọ̀. Kí á fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ yá owó élé nítorí àsè. Ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ tí àwọn ìyá ẹgbẹ́ jọ sè tó fún àlejò tí ó fẹ́ràn wa.

Ẹ̀kẹta, kí a dá èsúsú sílẹ̀ láàárín ara wa, ènìyàn mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń dá N10,000 lóṣù, N100,000 ni ẹnì kan yóò máa kó lóṣooṣù, ní oṣù mẹ́wàá yóò ti kárí. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kí ó wá ẹgbẹ́ tí ń dá N2,000. Bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, kí àwọn yòókù jẹ́ kí ó kọ́kọ́ kó o. Kí á sì fi ohun tí a bá rí nínú rẹ̀ ṣe iṣẹ́: irinṣẹ́, owó ilé ìwé, ọjà títà.

Àwọn ènìyàn ń wò wá. Wọ́n ti gbọ́ láti ẹnu wa pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni ẹ̀sìn ìṣẹ̀ṣe. Wọn kò ní í wá sí ojúbọ láti wá wò ó. Ọ̀dọ̀ ìyá oníṣòwò tí a rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọn yóò ti béèrè bóyá a san owó rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ ilé ìwé tí a lé wálé ni wọn yóò ti béèrè bóyá aṣọ wa pọ̀ ju ìwé rẹ̀ lọ. Ìdáhùn tí wọ́n bá gbà níbẹ̀ ni wọn yóò fi mọ irú ẹ̀sìn tí a ń ṣe.

 Kí Ajé wọlé wa, kí ó bá Ìwà nílé, kí ó sì jókòó. Kí orí wa má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ra ẹ̀wọ̀n. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.